Ẹ Kọ́kọ́ Lé Èéfín Jáde: Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹ̀dọ̀fóró Nínú Ilé ní Ẹ̀pẹ́

Bí ikọ́ bá ń pààrà ilé kan, oògùn ikọ́ àti rọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbé e á ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí láǹfààní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n tò sí. Ohun tó ń rú èéfín ni kí a kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn náà kí a la ọ̀nà fún atẹ́gùn, kí a tó wá ronú irinṣẹ́ olówó. Ẹni tó bá dojú ètò yìí rú á kàn máa náwó ni, ikọ́ náà kò ní kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé lọ́dún 2020.

Ẹ̀pẹ́ ni a ní lọ́kàn jù níbí, nítorí ẹja yíyan àti atẹ́gùn ọ̀sà, ṣùgbọ́n ará Ìkòròdú àti Àgbádárìgì náà á rí tiwọn mú níbẹ̀.

Ẹ ka iná inú ọgbà yín

Ẹ mú ìwé àti bírò. Láti ìdájí títí dìgbà tí ẹ ó fi ti ilẹ̀kùn sùn, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jó sílẹ̀: igi ìdáná, èédú, sítóòfù, gáàsì, jẹnẹrétọ̀ tiyín àti ti aládùúgbò, kọ́ìlì ẹ̀fọn, tùràrí, sìgá, pàǹtí tí wọ́n ń sun lẹ́yìnkùlé. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye wákàtí tó fi ń jó àti ẹni tó máa ń wà nítòsí rẹ̀. Ibi tí ọmọ ọwọ́, aboyún, arúgbó tàbí ẹni tó ní ásímà bá ti ń bá iná gbé pẹ́ jù, ibẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún lè fi àkísà funfun tó tutù nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti orí abẹ́ fáànù. Bí ìdọ̀tí rẹ̀ bá dúdú, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá, ti èéfín ni. Bí ó bá pọ́n, tó ń ha ọwọ́ bí iyanrìn kíkúnná, eruku ojú títì ni. Ilé mìíràn á ní méjèèjì. Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ èyí tó pọ̀ jù, nítorí ohun tó ń dá eruku dúró lè má dá èéfín dúró.

Ìdáná

Igi tútù ló ń rú èéfín jù. Igi tó gbẹ dáadáa, ẹnu rẹ̀ á ti sán, èèpo rẹ̀ á máa ṣí, bí ẹ bá sì fi méjì lu ara wọn, wọ́n á dún kanran-kanran. Èyí tó tutù á kàn dún gbì ni. Ẹ la igi sí wẹ́wẹ́, kí ó má nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kí ó má fi ara kan ilẹ̀, kí ẹ bo orí rẹ̀ ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ti tọ́jú igi òjò. Ẹ má fi igi tí wọ́n kùn lọ́dà, pákó tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa, tàbí táyà dáná. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú fífi náílọ́ọ̀nù ran iná: májèlé tó wà nínú èéfín náílọ́ọ̀nù kò ṣeé fojú rí, ẹni tó tẹ̀ síwájú ààrò láti fẹ́ iná náà ló sì ń fà á símú jù. Èèpo àgbọn gbígbẹ á ran iná dáadáa.

Bí iná kò bá jó pẹ́, èéfín náà kò ní pọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ dé ìkòkò, ẹ gé ẹran kékeré. Kí ẹ tó ṣáná ni kí ẹ ti ṣí fèrèsé, ẹ má sì pa á dé títí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí iná ti kú.

Èédú a máa tanni jẹ. Nítorí pé kì í rú èéfín tó hàn, òjò á rọ̀, wọn á gbé e wọ páṣéèjì tàbí yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, ni èédú ń tú jáde pọ̀, àgàgà nígbà tó bá pọ́n rẹ́rẹ́ tí ẹ rò pé ó ti dára. Èédú kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ láti yá iná tàbí láti fi gbẹ aṣọ ọmọ.

Ẹni tó ń lo sítóòfù karosíìnì, ẹ máa gé ẹnu òwú rẹ̀ kí ó dọ́gba. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Bí ó bá pupa, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, ó lè jẹ́ pé òwú ga jù, pé ó ti jó tán, tàbí pé epo kò mọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí ẹ tó pa á, nítorí ìgbà tí ẹ bá ń pa á ni èéfín rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Gáàsì ló sàn jù nínú gbogbo wọn. Kí sìlíńdà dúró ní ìdúró, kí ó wà níta bí họ́ọ̀sì bá lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so régúlétọ̀, ẹ po ọṣẹ ìfọ abọ́ mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi kànrìnkàn kùn ún sí gbogbo oríkèé àti gbogbo ara họ́ọ̀sì. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sá sí. Nítorí náà ilẹ̀kùn tó ṣí dé ilẹ̀ wúlò ju fèrèsé òkè lọ bí ó bá jò. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan fóònù: ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn jáde.

Ẹja yíyan

Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ìyá lè wà nínú èéfín fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń fa èéfín kan náà símú, ẹ̀mí rẹ̀ sì yára ju ti ìyá lọ. Bí ẹ ò bá lè ṣe ohunkóhun mìíràn nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, ẹ wá ẹni tí yóò gbé ọmọ dání níbòmíràn nígbà tí ẹja bá wà lórí iná.

Lẹ́yìn igi tútù, ìdí kejì tí èéfín fi ń pọ̀ ni omi àti ọ̀rá inú ẹja. Ẹ jẹ́ kí ẹja tí ẹ fọ̀ ro dáadáa, kí ẹ tò ó sórí asẹ́ wáyà níbi atẹ́gùn títí awọ ara rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ tó gbé e síná. Ẹja tó ń kán omi sórí iná á sọ igi gbígbẹ di tútù. Ọ̀rá àrọ̀ tó bá sì ń kán sórí ẹyin iná á di èéfín búlúù tó ń ta ojú, tó sì ń fi ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sára ẹja náà. Ẹ fi páànù pẹlẹbẹ kan dábùú àárín iná àti asẹ́ ìsàlẹ̀ kí ọ̀rá máa kán sínú rẹ̀. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ páànù kí ooru lè gòkè. Ẹ máa da ọ̀rá náà nù kí ó tó kún.

Àgbá tí wọ́n gé lórí ń jẹ igi, ó sì ń tú èéfín síbi gbogbo. Ààrò Chorkor, tó ti orílẹ̀-èdè Ghana wá, sàn jù ú lọ: ògiri amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù kúkúrú tó ní igun mẹ́rin, ẹnu ìkóná níwájú, àti àwọn asẹ́ onígi tí wọ́n ń tò léra wọn tí ẹnu wọn sì ṣe rẹ́gí. Àwọn asẹ́ náà ló ń sé èéfín mọ́ àárín ẹja, tí igi díẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ẹnu asẹ́: bí igi rẹ̀ bá ti wọ́, èéfín á máa gba àlàfo yẹn jáde sójú ẹni tó ń yan án. Ẹ máa pààrọ̀ igi náà.

Lọ́pọ̀ oṣù inú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níhà òkun àti ọ̀sà, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa. Àtíbàbà ìyanja tó bá wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilé á rí èéfín rẹ̀ gbé lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn á yí padà, á máa ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀; nígbà náà, ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí àtíbàbà náà, kí ẹ ṣí ti òdìkejì. Ibikíbi tí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń yan ẹja dúró sí.

Jẹnẹrétọ̀

Ẹ gbé e jìnnà sí ilé ní mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu ibi tó ń gbà tú èéfín kọjú sí ìta, kí ó má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Mítà mẹ́fà jẹ́ bí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àgbàlagbà. Kíṣìnì, páṣéèjì, balikóní àti abẹ́ àtẹ̀gùn kì í ṣe ibi jẹnẹrétọ̀, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù òjò àti olè, ẹ kan páànù sórí rẹ̀, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí. Ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí àyè kò sí, kí àwọn ayálégbé jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n fẹnu kò síbi kan àti aago kan tí gbogbo rẹ̀ á kú. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Kò sí ooru tó tó kí a torí rẹ̀ sun oorun tí a kò ní jí.

Ohun tí carbon monoxide ń ṣe ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ oxygen lọ ní ìlọ́po tó ju igba lọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráàyè gbé oxygen kiri ara. Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀, ọkàn tó ń dàrú ni àmì rẹ̀, ó sì máa ń jọ ibà. Ohun tí ẹ ó fi dá a mọ̀ ni pé gbogbo ará ilé ló máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn á sì máa fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta. Ibà kì í mú ènìyàn márùn-ún nínú wákàtí kan náà.

Bí ẹ bá fura sí i, ẹ kó gbogbo ènìyàn síta ná, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì gbé ẹni tó bá rẹ̀ jù lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oxygen. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Kò sí èyí tó ń lé afẹ́fẹ́ yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ti ń dákú sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Alámù carbon monoxide ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ó gbà yín níyànjú láti rà. Ẹ wo ara rẹ̀ fún àmì ìlànà EN 50291 tàbí UL 2034. Èyí tí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Alámù èéfín kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Yàrá tí ẹ ń sùn ni kí ẹ gbé e sí, ní bí ibi tí orí ń dé lórí bẹ́ẹ̀dì, kí aṣọ fèrèsé má bò ó. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé á ṣì máa tan iná lẹ́yìn tí ojú tó fi ń mọ afẹ́fẹ́ ti kú.

Òru àti ẹ̀fọn

Yàrá tó tì pa, kọ́ìlì tó ń jó mọ́jú, ọmọ mẹ́ta lórí ẹní: ibi tí ikọ́ òru ti ń wá nìyẹn nílé púpọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé èérún kíkúnná tí kọ́ìlì kan ṣoṣo ń tú jáde tó ti sìgá 75 sí 137. Àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ sá a síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó, ẹ ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yí ká, kí ó má sì fara kan ẹni tó sùn, nítorí ẹ̀fọn á gba ara àwọ̀n jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fọ́n fílíìtì, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ ti yàrá fún àkókò tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ wá ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ọ̀nà atẹ́gùn

Fèrèsé kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀nà atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé àti ibi jáde. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ di orí rẹ̀ mú sí ojú fèrèsé, kí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí i. Bí ìdí tíṣù bá fì sínú tàbí síta, atẹ́gùn ń kọjá. Bí ó bá dúró gbagidi, nǹkan dí i: nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí, kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ fèrèsé tó nípọn. Nẹ́ẹ̀tì ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ tú u, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù.

Nínú kíṣìnì, ẹ kọ ojú fáànù sí ìta fèrèsé kí ó máa lé èéfín jáde. Èyí tó kọjú sínú á kàn máa pín èéfín fún yàrá ni.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tó ní asẹ́ HEPA dára, ó ń gba èérún kíkúnná, ṣùgbọ́n kò lè mú carbon monoxide, kò sì wúlò nígbà tí kò bá sí iná mànàmáná. Ẹ má ra èyí tó ń pèsè ozone. Ozone fúnra rẹ̀ ń ta ẹ̀dọ̀fóró.

Eruku, ọ̀rinrin àti oògùn ìfọlé

Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, tàbí kí ẹ fi àkísà tútù nù ún. Ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ á kàn gbé eruku dìde sí imú ni. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìbomú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú ló ń dá eruku kíkúnná dúró. Aṣọ lásán kò tó.

Dúdú tó ń hù lára ògiri nígbà òjò ń dààmú ẹni tó ní ásímà gan-an. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí pé á tún hù bí ògiri bá ṣì tutù. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó láti fọ̀ ọ́. Ohun tó bá rẹ sómi, ẹ gbẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ má po Hypo mọ́ Harpic láé, ẹ má da á sórí ìtọ̀ tó ti ṣe ọjọ́ mélòó kan. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó tì.

Fún ẹni tó ní ásímà: ìgò omi àti inhaler

Bí ọmọdé bá fi inhaler, ìyẹn agolo kékeré tí wọ́n fi ń fa oògùn ásímà, sẹ́nu tààrà, ọ̀fun ni oògùn púpọ̀ máa ń bọ́ sí. Ohun tó ń gbà á là ni spacer, èyí tó ń dá oògùn dúró díẹ̀ kí ó tó fà á. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọdé ní South Africa fi hàn pé ìgò oníke tó gba 500 ml lè ṣiṣẹ́ bíi ti olówó. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ fi omi ọṣẹ ìfọ abọ́ fọ ìgò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀: nínù ń jẹ́ kí oògùn lẹ̀ mọ́ ara ike.
2. Ẹ tẹ wáyà kan kí ó bá ẹnu inhaler mu gẹ́lẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, ẹ gbé e síná títí á fi pọ́n.
3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìdí ìgò kí ike yọ́ ní ìrísí ẹnu inhaler. Níta ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín ike kò dára.
4. Kí ike tó tutù, ẹ ki ẹnu inhaler bọ ihò náà kí ó fún mọ́ ọn. Bí àlàfo bá kù, ẹ fi téèpù dí i láti ìta. Bí ihò bá fẹ̀ jù, ẹ ju ìgò náà nù, kí ẹ mú òmíràn.
5. Ẹ mi inhaler, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò ìgò náà. Kí ọmọ jókòó nàró, kí ó fi ètè pa ẹnu ìgò mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó mí sínú àti síta nínú ìgò ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ mì í, kí ẹ tó tẹ èkejì.

Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rin sábà máa ń nílò ìbòjú lẹ́nu ìgò. Kí nọ́ọ̀sì bá yín wò ó. Iye tí ẹ ó tẹ̀, dókítà ni yóò sọ. Bí ásímà bá dìde tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé mẹ́wàá bí kò bá rọ̀, kí ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo inhaler búlúù, èyí tó ń yára tú èémí sílẹ̀, ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ nílò oògùn tó ń dènà, èyí tí à ń lò lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lo onídènà tán, ẹ fi omi yọ ẹnu kí ẹ tu ú dànù, kí funfun má baà hù sẹ́nu.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró nílé mọ́

Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè nígbà tí kò sunkún, tí kò sì ń mu ọmú, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tó oṣù méjì, 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pọ̀ jù. Láti oṣù méjì títí dé oṣù mọ́kànlá, 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Èyí lè jẹ́ òtútù àyà. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí sínú, tí kò lè mumi, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀, ẹ má wulẹ̀ ka nǹkan kan: ẹ máa lọ.

Oximeter, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi bọ ìka láti wọn oxygen inú ẹ̀jẹ̀, sábà máa ń fi 95 sí 100 hàn fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Kí ìka gbóná, kí ó má ní làálì tàbí kiutẹ́ẹ̀sì, kí ẹni náà sì ti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá wà lábẹ́ 92, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ yìí a máa fi iye tó ga ju òótọ́ hàn nígbà mìíràn. Bí ẹni náà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì gba àyẹ̀wò ikọ́ ife. Àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò dání, àti ìwé tí ẹ kọ iná ilé yín sí, kí ẹ sì sọ fún dókítà ohun tí ẹ fi ń dáná, bóyá ẹ ń yan ẹja, àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í béèrè.